Mẹ́jọ ni àbí mẹ́sàn-án? Ọ̀rọ̀ nípa àwọn pílánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò, ẹ wá fi ojú ara yín kà á nísinsìnyí. Ẹ má kánjú. Nọ́ńbà ńláńlá wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí ó le, ẹ dúró, kí ẹ tún un kà.

Ojú ọ̀run ni a fẹ́ wò lónìí.

Bí ẹ bá jáde sí àgbàlá lóru tí kò sí òṣùpá, ìràwọ̀ ni ẹ ó rí, wọn kò lóǹkà. Púpọ̀ nínú wọn kì í fi ara wọn sílẹ̀. Lóòótọ́, gbogbo wọn ń yọ láti ìlà-oòrùn, wọ́n sì ń wọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń rìn ni, bí ìgbà tí agbo àgùntàn bá ń kọjá. Èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rẹ̀ lónìí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ni yóò wà lọ́dún tí ń bọ̀. Àfi àwọn díẹ̀ kan. Àwọn yẹn kì í bá agbo rìn. Lóṣù yìí ẹ ó rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ kan, lóṣù mìíràn wọ́n ti sún lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Àwọn ará Gíríìsì ayé àtijọ́ rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pè wọ́n ní alárìnkiri. Láti inú ọ̀rọ̀ wọn yẹn ni àwọn Faransé ti rí orúkọ tí wọ́n ń pè, tí àwa náà ń pè ní pílánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Àgùàlà ni. Nígbà mìíràn, kété tí oòrùn bá wọ̀, ẹ ó rí i ní ìwọ̀-oòrùn, ó ń tàn ju gbogbo ìràwọ̀ lọ. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó bá jí lọ sí oko tàbí sí ọjà ní ìdájí ni yóò rí i ní ìlà-oòrùn. Nítorí pé ó máa ń bá òṣùpá rìn, àwọn àgbà wa ń pè é ní ajá òṣùpá. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé ń pè é ní ìràwọ̀ olùṣọ́-àgùntàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Pílánẹ́ẹ̀tì ni. Vénus ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn ọmọ yín.

Kí ni ìyàtọ̀? Ìràwọ̀ ni ó ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Oòrùn wa yìí, ìràwọ̀ ni òun náà, ó kàn sún mọ́ wa ni. Pílánẹ́ẹ̀tì kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ó dà bí abọ́ tánganran tí a gbé kọ́ ara ògiri. Bí a bá tan àtùpà, abọ́ náà yóò máa dán. Bí a bá pa àtùpà, abọ́ kò tún dán mọ́. Oòrùn ni àtùpà, àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ni abọ́, wọ́n sì ń yí oòrùn ká láìdúró.

Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí, tí a ń gbin iṣu àti àgbàdo sí, pílánẹ́ẹ̀tì ni òun náà. Bí ó bá yí oòrùn ká ní ẹ̀ẹ̀kan, ọdún kan pé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn tí ó ń yí oòrùn wa ká. Mo kọ orúkọ wọn bí àwọn ọmọ ṣe ń kọ́ ọ nílé-ìwé, láti orí èyí tí ó sún mọ́ oòrùn jù lọ: Mercure, Vénus, Ilẹ̀-ayé wa, Mars, Jupiter, Saturne, Uranus, Neptune. Ẹ fi ìka kà wọ́n. Mẹ́jọ ni.

Mercure ni ó kéré jù. Ọjọ́ 88 péré ni ó fi ń yí oòrùn ká. Ẹni tí ó pé ọmọ ogún ọdún lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, bí a bá fi ọdún Mercure kà á, ó ti lé ní ọgọ́rin. Vénus, Àgùàlà wa, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Ilẹ̀-ayé ní títóbi. Ẹwà rẹ̀ ń tanni jẹ. Afẹ́fẹ́ tí ó bò ó nípọn débi pé ooru kò rí ọ̀nà jáde. Òjé yóò yọ́ níbẹ̀ bí òrí tí a gbé sí ẹ̀bá iná.

Mars pupa. Ẹ̀yin ará Sàkẹ́tẹ́ àti Pọ̀bẹ́, ẹ mọ ilẹ̀ pupa tí ń kun aṣọ funfun. Ìpẹtà irin ni ó sọ ọ́ di pupa bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà irin náà ni ó kun Mars.

Jupiter ni bàbá wọn. Bí a bá to Ilẹ̀-ayé 11 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìbú Jupiter nìyẹn. Saturne ni ó ní òrùka ní ìdí bí ìlẹ̀kẹ̀. Yìnyín àti òkúta ni òrùka náà, gbogbo wọn ló ń yí i ká.

Márùn-ún nínú àwọn tí mo kà yìí ni ojú lásán lè rí dáadáa: Mercure, Vénus, Mars, Jupiter, Saturne. Àwọn baba ńlá wa rí wọn. Méjì tí ó kẹ́yìn, àfi pẹ̀lú awò tí a fi ń wo ohun tí ó jìnnà. Ní ọdún 1781, ọkùnrin olórin kan tí ń jẹ́ William Herschel, tí ń gbé ní England, rí Uranus láti inú ọgbà ilé rẹ̀. Ti Neptune ni ó dùn mọ́ mi jù. Àwọn onímọ̀ ṣàkíyèsí pé Uranus kò rìn bí ó ti yẹ, bí ẹni pé nǹkan kan ń fà á. Ọ̀mọ̀wé Faransé kan, Le Verrier, kò gbé awò rárá. Ó jókòó ní Paris, ó mú gègé àti ìwé, ó ṣírò ibi tí ohun tí ń fà á gbọ́dọ̀ wà. Ó kọ lẹ́tà sí Galle ní ìlú Berlin. Lóru ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1846, Galle gbé awò sí ibi tí lẹ́tà náà wí, ó sì rí Neptune níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kùn nígbà tí ó bá di àsìkò ìṣirò ní kíláàsì, mo rò pé ẹ gbọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra tó? Ẹ lè fi ohun abúlé wò ó. Ẹ gbé agbọ̀n ńlá kan sí àárín ọjà, agbọ̀n tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan. Ẹ sọ pé oòrùn ni. Mercure yóò jẹ́ hóró ọkà bàbà kan, ní nǹkan bí mítà 40 sí agbọ̀n náà. Ilẹ̀-ayé wa, pẹ̀lú gbogbo òkun àti òkè rẹ̀, yóò jẹ́ hóró ẹ̀wà kan, ní nǹkan bí mítà 107. Jupiter yóò jẹ́ ọsàn ńlá kan, ní ibi tí ó ju ìdajì kìlómítà lọ. Neptune yóò kéré bí àgbálùmọ̀ tí kò dàgbà, ẹ ó sì rìn ju kìlómítà 3 lọ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ohun tí ó wà láàárín, òfìfo ni. Àwòrán inú ìwé ọmọ kò lè fi èyí hàn, nítorí ojú ewé kéré.

Nísinsìnyí, ìjà tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá.

Nínú kíláàsì àgbà kan ní ìhà Kétu, bàbá kan wà tí ó kọ́ ìwé kíkà tagbáratagbára. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń múra fún ìdánwò sẹ́tífíkà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà ń ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sókè pé pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ló ń yí oòrùn ká. Bàbá ní kí ó dúró. Ó lọ gbé ìwé tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà lò nígbà tirẹ̀, ó ṣí i, ó fi ìka tọ́ ọ, ó kà á fúnra rẹ̀: mẹ́sàn-án. Ó ní, "Mo fi ojú ara mi kà á. Olùkọ́ yín kò mọ̀wé." Ọmọ sunkún, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá kọ mẹ́sàn-án nínú ìdánwò, òun pàdánù nìyẹn. Bí òun bá sì kọ mẹ́jọ, òun já bàbá òun nírọ́.

Ẹ má fi bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò mọ̀wé kà rí, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ ọ́n kà ní ọmọ àádọ́ta ọdún, tí ó rí ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sínú ìwé, ta ni yóò sọ fún un pé ìwé lè gbó? Ó gbé ìwé náà wá sí kíláàsì. A ní kí ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, kí ó wá ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó wá a, ó rí i: 1994. A wo ti ọmọ: wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ọdún 2006. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ìwé méjèèjì kọ ohun tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí nígbà tiwọn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọmọ àgbẹ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà, Clyde Tombaugh ni orúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ lọ sí ilé-ìwé gíga, ṣùgbọ́n yìnyín bọ́ lọ́dún kan, ó ba ohun ọ̀gbìn bàbá rẹ̀ jẹ́, kò sì sí owó mọ́. Ọmọ náà kò jókòó lásán. Ó kó irin àlòkù jọ, ó fi wọ́n ṣe awò ìwòràwọ̀, ó sì ń ya ohun tí ó ń rí sórí ìwé. Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ilé ìwòràwọ̀ Lowell ní ìpínlẹ̀ Arizona. Wọ́n ní kí ó wá ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi fọ́tò ojú ọ̀run méjì wéra, èyí tí wọ́n yà lónìí àti èyí tí wọ́n yà ní ọjọ́ mìíràn, bóyá ó lè rí ààmì kékeré kan tí ó ti kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹ rò ó wò: bí ẹni ń wá ìyàtọ̀ nínú igbá iyẹ̀pẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1930, ó rí i. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà náà. Wọ́n pe ohun tí ó rí ní Pluton, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n di mẹ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ìwé fún ọdún 76.

Ṣùgbọ́n bí awò ṣe ń dára sí i, wọ́n rí i pé Pluton kéré, kò tó òṣùpá wa pàápàá. Wọ́n tún rí i pé kò dá wà. Ọ̀pọ̀ ohun mìíràn bí irú rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ní ọdún 2005 wọ́n kéde ọ̀kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o, Éris. Kí ni ká ṣe? Ṣé ká ní mẹ́wàá ni? Bí a bá rí òmíràn lọ́la ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ilé mélòó ló wà ní abúlé yín? Ọkùnrin kan yóò ka ogójì. Èkejì yóò ka mẹ́rìndínláàádọ́ta, nítorí pé ó ka ahéré mẹ́fà tí ó wà lọ́nà oko mọ́ ọn. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn. Wọn kò kàn tíì fẹnu kò lórí ohun tí à ń pè ní ilé ni.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ gbogbo ayé pàdé ní ìlú Prague. Wọ́n jiyàn púpọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n dìbò. Wọ́n ní ohun mẹ́ta ni pílánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní. Kí ó máa yí oòrùn ká. Kí ó rí róbótó. Kí ó sì ti gbá ọ̀nà rẹ̀ mọ́, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má kún ojú ọ̀nà náà. Pluton ní méjì àkọ́kọ́, kò ní ìkẹta. Ó di pílánẹ́ẹ̀tì aràrá. Márùn-ún ni wọ́n kà sí aràrá báyìí: Cérès, Pluton, Hauméa, Makémaké àti Éris. Cérès pàápàá ti rí irú èyí rí. Wọ́n rí i ní ọdún 1801, wọ́n pè é ní pílánẹ́ẹ̀tì fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó mú orúkọ náà kúrò lórí rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ kan kò tíì gbà títí di òní. Wọ́n ní ahéré náà, ilé ni. Ní tèmi, mo rò pé òfin náà dára tó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Tombaugh ń ṣe mí láàánú. Ó kú ní ọdún 1997. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, wọ́n fi díẹ̀ nínú eérú ara rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí kò ní ènìyàn nínú, wọ́n rán an lọ sí Pluton. Nígbà tí ọkọ̀ náà gbéra, pílánẹ́ẹ̀tì ni ó ń lọ bá. Nígbà tí ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2015, aràrá ni ó bá níbẹ̀.

Nítorí náà, mẹ́jọ ni kí ọmọ yín kọ nínú ìdánwò. Ẹ sì má sun ìwé àtijọ́. Kìkì pé kí ẹ máa wo ọdún rẹ̀, pàápàá bí ìwé náà bá sọ̀rọ̀ nípa òògùn, ajílẹ̀ tàbí òfin ilẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé iye náà yóò tún yí padà. Láti ọdún 2016, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà ń sọ pé ó jọ pé pílánẹ́ẹ̀tì ńlá kan fara pamọ́ jìnnà réré lẹ́yìn Neptune. Ẹnikẹ́ni kò tíì rí i.

Ẹ jẹ́ ká jáde kúrò ní agbo ilé oòrùn wa wàyí.

Mo ti sọ pé gbogbo ìràwọ̀ jẹ́ oòrùn. Ẹ rántí agbọ̀n àti hóró ẹ̀wà wa. Bí agbọ̀n bá wà ní ọjà Kétu, níbo ni agbọ̀n kejì wà, ìyẹn ìràwọ̀ tí ó sún mọ́ oòrùn jù? Ẹ óò lọ sí Paris, ẹ óò padà wálé, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ tó rin ọ̀nà náà tán. Ibi tí ó sún mọ́ni jù nìyẹn o.

Ní òru tí kò sí òṣùpá, tí òjò ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, ẹ ó rí ohun funfun kan bí èéfín tí ó na láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Àwọn Faransé ń pè é ní Ọ̀nà Wàrà. Kì í ṣe èéfín. Ìràwọ̀ ni wọ́n, wọ́n pọ̀ débi pé ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Agbo ìràwọ̀ tiwa nìyẹn, oòrùn wa sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Iye wọn kò dín ní 100 mílíádì. Mílíọ̀nù kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Mílíádì kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù. Bí ẹnì kan bá ń ka ìràwọ̀ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán-tòru, tí kò jẹun, tí kò sùn, yóò lò ju ọdún 3,000 lọ kí ó tó ka 100 mílíádì tán.

Ǹjẹ́ àwọn oòrùn wọ̀nyẹn ní pílánẹ́ẹ̀tì tiwọn? Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń béèrè, kò sí ẹ̀rí. Ní ọdún 1992 wọ́n rí àwọn àkọ́kọ́, tí ń yí òkú ìràwọ̀ kan ká. Ní ọdún 1995, Michel Mayor àti Didier Queloz, àwọn ará Switzerland, fi awò kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé rí ọ̀kan tí ń yí ìràwọ̀ bí oòrùn wa ká. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 2019.

Wọn kì í sábà rí pílánẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀. Ẹ wo àtùpà tí ó wà lókèèrè lóru. Bí kòkòrò kan bá ń fò yí i ká, ẹ kò lè rí kòkòrò náà láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ó bá gba iwájú iná kọjá, iná yóò ṣókùnkùn díẹ̀. Bí ìṣókùnkùn náà bá ń padà wá ní àkókò kan náà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ mọ̀ pé nǹkan kan ń yí iná ká. Báyìí ni awò Kepler, tí wọ́n gbé lọ sójú ọ̀run ní ọdún 2009, ṣe rí ju 2,000 lọ kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí ní 2018. Nígbà tí ó fi di ọdún 2025, iye tí wọ́n ti rí, tí wọ́n sì ti jẹ́rìí sí, ti ju 6,000 lọ.

Ṣùgbọ́n 6,000 yìí, tòsí ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Mélòó ló wà nínú agbo ìràwọ̀ wa lápapọ̀? Kò sí ẹni tí ó kà wọ́n. Wọ́n dá a bù bí àgbẹ̀ ṣe ń dá a bù ni. Àgbẹ̀ kì í ka gbogbo àgbàdo oko rẹ̀ kí ó tó mọ iye àpò tí yóò rà. Yóò ka ti poro mẹ́wàá, yóò sì fi iye poro oko rẹ̀ ṣírò ìyókù. Àwọn onímọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé bí a bá pín in dọ́gba, ìràwọ̀ kan kò ní pílánẹ́ẹ̀tì tí ó dín ní ẹyọ kan. Nítorí náà wọ́n ju 100 mílíádì lọ. Ẹ ya nọ́ńbà méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ìwé yín: 6,000 ni a kà, 100 mílíádì ni a dá bù.

Ẹ ó béèrè bóyá ènìyàn wà níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í ṣaláì wáyé. Títí di òní, kò sí ibòmíràn tí ẹnikẹ́ni ti rí ohun alààyè kan, ìbáà ṣe koríko. Kì í ṣe pé wọn kò wá a.

Wọ́n sì ń fún àwọn ayé jíjìnnà wọ̀nyí ní orúkọ. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ yẹn ní kí oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè sọ ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan àti pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórúkọ. Àwọn aládùúgbò wa ní Burkina Faso sọ ìràwọ̀ tiwọn ní Mouhoun, wọ́n sì sọ pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí i ká ní Nakanbé. Orúkọ odò ilẹ̀ wọn ni méjèèjì. Ojú lásán kò lè rí ìràwọ̀ náà, ṣùgbọ́n nínú ìwé àwọn onímọ̀ káàkiri ayé, orúkọ odò tí àwọn ará Burkina ti ń pọn omi mu ni wọ́n kọ sí i.